Òkú Aláago

Ní ilé wa ní Okokomaiko, aago kì í sùn. Inú agolo mílíìkì ńlá kan ni Bàámi ń kó aago ọwọ́ àwọn oníbàárà wọn sí tí wọ́n bá ti ìdí tábìlì iṣẹ́ wọn dé. Wọ́n á gbé agolo náà sójú fèrèsé, lókè ibi tí mo ń tẹ́ ẹní mi sí, gbogbo aago ọ̀hún á sì máa ké pọ̀, kẹ́-kẹ́-kẹ́, kálukú pẹ̀lú ìyára tirẹ̀. Ìyẹn ni orin tí wọ́n fi rẹ̀ mí dàgbà. Ilé oníyàrá méjìlá ni, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀ọ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ ń gbà, débi pé bí Màámi bá ń sẹ́ ògì lẹ́yìnkùlé láàárọ̀, ẹni tó wà ní yàrá iwájú á mọ̀ bóyá ògì ọ̀hún kan tàbí kò kan. Wàá gbọ́ bí okùn kànga ṣe ń ha etí kọ̀ǹkéré, wàá gbọ́ bí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ṣe ń fi ọ̀pá wọn gbá ilẹ̀kùn àwọn ayálégbé lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ jí o! Ilẹ̀ tí ẹ ò gbá ni ìṣẹ́ ń jókòó sí!" Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n fi ọṣẹ ìfọyín nu ojú aago títí á fi máa dán. Àyà mi kì í já rárá nígbà náà. Mo rò pé gbogbo ọmọ ayé ló ń sùn lábẹ́ ogún aago.

Bàámi ní àṣà kan nídìí iṣẹ́ yìí. Aago tí wọ́n bá tún ṣe tán, ọrùn ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ń so ó mọ́ fún odidi ọjọ́ kan kí wọ́n tó dá a padà fún ẹni tó ni ín. Wọ́n ní aago tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí tábìlì lè kú fin-ín tí ọwọ́ èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín. Àṣà rere ni, àmọ́ òun náà ló sọ wá di ẹni tí gbogbo Ọ̀jọ́ ń fi ṣẹ̀rín. Torí Bàámi tún ń ṣeré lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú ẹgbẹ́ Ọ̀gá Kásálì, ọkùnrin kúkúrú kan tó ní ohùn ńlá. Nígbà tí fídíò wá gbòde, tí wọn ò gbé eré kiri orí pèpéle mọ́, Ọ̀gá Kásálì háyà kámẹ́rà ní Alaba, wọ́n wo Bàámi láti òkè délẹ̀, bí wọ́n ṣe ga, tí wọ́n rù, tí ojú wọn jìn sínú, wọ́n ní, "Múfútáù, o ò lè ṣe ọba, o ò lè ṣe dókítà. Òkú ni ìwọ." Bí Bàámi ṣe di òkú nìyẹn. Òkú tó jí nínú pósí láti wá fẹjọ́ àbúrò rẹ̀ sùn, àbúrò tó fún un ní májèlé jẹ. Wọ́n ki òwú bọ̀ wọ́n nímú, wọ́n da pọ́ńdà bo ojú wọn, wọ́n fi aṣọ funfun wé wọn. Ó yẹ kó bani lẹ́rù. Àmọ́ bí òkú ṣe na ọwọ́ jáde nínú pósí báyìí, aago ń dán yinrin-yinrin lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Aago obìnrin, tẹ́ẹ́rẹ́, aláwọ̀ wúrà. Àwọn tó jókòó níwájú tẹlifíṣàn ka àkókò lójú rẹ̀: aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ̀rín ọ̀hún, ẹ má jẹ̀ẹ́ n ṣàlàyé. Ilé ìwòran kan wà ní Iba nígbà yẹn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó háyà yàrá ládùúgbò máa ń san owó wọlé láti wo fídíò. Wọ́n ní ṣe ni wọ́n ń dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà sẹ́yìn, tí wọ́n ń wo ọwọ́ Bàámi léraléra, tí wọ́n ń ké, "Òkú aláago!" Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin tó ni aago wá sílé wa. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní Alaba. Wọn ò tilẹ̀ wọlé, ìta ni wọ́n dúró sí. "Baba Rísí, ṣé aago mi lẹ gbé wọnú pósí? Ẹ máa lò ó lọ o. Kí n wá so aago tí òkú ti so? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"  Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Bàámi ò lọ sí ìdí tábìlì wọn. Wọ́n kọjú sí ògiri, Màámi á gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá síwájú wọn, ọbẹ̀ á dì. Gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń sọ fún ògiri: "Ikú yá jẹ̀sín." Mo gbọ́ ọ, mo sì gbà á gbọ́, torí ọmọdé ni mí. Mo rò pé wọ́n ti yan ikú.

Ọjọ́ tí wọ́n padà jáde, èmi ni wọ́n mú dání lọ sí Iba láti lọ ra okùn aago. A ò tíì débẹ̀ tí àwọn ọmọ yunifásítì fi rí wa. "Òkú Aláago! Aago mélòó ló lù lọ́run?"  Mo ń wá ibi tí a máa sá gbà. Ni Bàámi bá tú ọwọ́ wọn kúrò nínú tèmi, wọ́n ká apá bùbá wọn sókè díẹ̀díẹ̀, aago obìnrin yẹn ló ṣì wà níbẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń ka lẹ́tà, wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n fi imú sọ ọ́: "Àsìkò ti tó." Yéè! Ariwo tí àwọn ọmọ yẹn pa! Ọ̀kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Wọ́n ní kí wọ́n tún un sọ, wọ́n tún un sọ. Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, Bàámi ń súfèé. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí òkú nínú eré Ọ̀gá Kásálì tí kò so aago, kò sí èyí tí kì í wo ọwọ́ kó tó ṣèdájọ́ ẹni ibi. Àwòrán Bàámi wà lára kásẹ́ẹ̀tì ní Alaba, àwọn ọmọ Ajangbadi ń fi imú sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ìyá alákàrà á fi méjì lé tiwa. Ẹnikẹ́ni ò fi ipò ọba tàbí ti dókítà lọ̀ wọ́n mọ́, wọn ò sì bèèrè. Màámi ní, "Baba Rísí, ojú ò tiẹ̀ tì yín ni? Ṣèbí ẹ̀yin lẹ ń sọ pé ikú yá jẹ̀sín." Bàámi ní, "Irọ́ làwọn àgbà pa níbẹ̀ o. Ẹ̀sín yá jùkú lọ. Mo ti ṣe méjèèjì, mo mọ èyí tó dùn." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà ò rí ohun ẹ̀rín kankan níbẹ̀. "Àkànní," wọn kì í fi oríkì pe ọmọ wọn àfi tí ọ̀rọ̀ bá wúwo, "pósí kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá ń sùn nínú rẹ̀ lóṣooṣù, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí pósí á gbàgbé pé eré ni." Wọ́n fi òfin lélẹ̀. Ìgbàkígbà tí Bàámi bá dùbúlẹ̀ nínú pósí, tí wọ́n bá pa kámẹ́rà, wọn ò gbọ́dọ̀ dìde fúnra wọn. Ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ dúró níbi ẹsẹ̀ pósí, kó pe orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ kẹjọ, torí òkú inú fídíò ò ní orúkọ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbọ́dọ̀ pè é. Bàámi ò sì gbọ́dọ̀ la ojú, wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ àkọ́kọ́, wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ èkejì, àfi ẹ̀kẹta. "Ẹni tó di ojú ò mọ ẹni tó ń pè é," Ìyá Àgbà ní. "Iwin náà lẹ́nu. Àmọ́ iwin ò ní sùúrù, kì í pèèyàn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá yára jẹ́, ibi tí wọ́n ti pè é ló ń lọ." Ọ̀gá Kásálì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ òun náà ò jẹ́ fẹnu kan oúnjẹ tí Ìyá Àgbà ò bá tíì pè tán. Bàámi sì mọ eré ọ̀hún ṣe débi tó burú: tí wọ́n bá pe ẹ̀kẹta tán, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀ sí i, títí àyà gbogbo èèyàn á fi fò, kí wọ́n tó dáhùn pé, "Ẹ̀n!"

Ọdún tí mò ń sọ yìí, òjò pọ̀, ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà wú, wọn ò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá Kásálì sì fẹ́ ya eré ní Ọ̀tọ̀-Àwórì lọ́jọ́ Sátidé kan, lọ́sàn-án gangan. Ìyá Àgbà fa etí mi. "Rísí, ìwọ lo máa lọ pè é." Mo ní, "Ìyá Àgbà, kí n pe Bàámi lórúkọ?" Wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ́ ni ọ́ ni?" Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ mọ ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Títí di òní olónìí, tí wọ́n bá béèrè orúkọ bàbá mi ní báńkì, ohùn mi máa ń lọ sílẹ̀. Ọmọ kan wà ní yàrá kẹfà nígbà yẹn tó bínú pe bàbá rẹ̀ lórúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyá rẹ̀ fi ata kùn ún lẹ́nu. Mo rántí ètè ọmọ náà ní gbogbo ojú ọ̀nà. Abẹ́ igi àgbọn ni wọ́n gbẹ́ kòtò sí, lórí yanrìn, pósí wà nínú rẹ̀, Bàámi wà nínú pósí. Wọ́n pa kámẹ́rà. Gbogbo wọn wò mí. Bàámi ò mira, òwú wà nímú wọn, aago wà lọ́wọ́ wọn, eṣinṣin kan bà sórí ètè wọn, wọn ò lé e. Mo la ẹnu, orúkọ ò jáde. Mo ní, "Bàámi." Mo tún ní, "Bàámi." Ẹ̀kẹta ò tilẹ̀ dé etí ara mi. Ọ̀gá Kásálì ti ń kó wáyà kámẹ́rà wọn, wọn ò fiyè sí i. Bàámi la ojú kan díẹ̀, wọ́n wò mí, ó jọ pé àánú mi ṣe wọ́n. "Ẹ̀n," wọ́n ní, wọ́n dìde, wọ́n gbọn yanrìn dànù. "Ebi ń pa mí." Wọ́n ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún mi lọ́nà. A délé, Ìyá Àgbà ní, "Ṣé o pè é?" Mo ní, "Mo pè wọ́n, mà." "Lẹ́ẹ̀mẹta?" "Lẹ́ẹ̀mẹta, mà." Mi ò parọ́. Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn gan-an nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta ni ara Bàámi gbóná. Màámi ní ibà lásán ni, wọ́n se àgbo, wọ́n ra oògùn. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Mo mọ̀ pé Bàámi ò tíì jáde nínú kòtò Ọ̀tọ̀-Àwórì, pé nǹkan mìíràn ló jẹ gúgúrú pẹ̀lú mi lọ́nà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo fẹ́ sọ ọ́, ẹnu mi wúwo. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ohun tó tún wá pa mí láyà ni agolo. Bàámi ló máa ń yí aago wọ̀nyẹn láràárọ̀ kí wọ́n má bàa kú, kò wá sí ẹni tó ń yí wọn mọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé etí mi ni. Lọ́jọ́ kejì, mo mọ̀ pé iye wọn ti dín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dákẹ́ lókè orí mi, tí n bá sì ti gbọ́ pé òmíràn ti dúró, màá yíjú wo bẹ́ẹ̀dì Bàámi bóyá àyà wọn ń lọ sókè. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù tó ń ké. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ojú Bàámi yí, wọn ò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Màámi fi gèlè di ìbàdí. Baba Ìbejì, ayálégbé wa tó ń ṣe fọkanáísà, gbé Bàámi pọ̀n bí ọmọ, a sáré já sí títì kí a lè rí ọkọ̀ tó máa gbé wa lọ sí ọsibítù ní Iba. Bí a ṣe yọ báyìí, ẹnìkan ké: "Òkú Aláago dé o!" Ká tó ṣẹ́jú, èrò ti pé. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń wá kámẹ́rà kiri. Màámi ń ké, "Kì í ṣe eré o! Ẹ gbà mí, kì í ṣe eré!" Ọkùnrin kan ní, "Háà, ìyàwó rẹ̀ mọ eré ṣe jù ú lọ!" Ẹ̀rín tún sọ. Màámi na ọwọ́ sí ọkọ̀, awakọ̀ wo Bàámi, ó fọn fèrè, ó jù wọ́n lọ́wọ́, ó kọjá. Èkejì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta dúró, mo rò pé a ti bọ́, àṣé ó fẹ́ wò wọ́n dáadáa ni. Orí Bàámi ń yí gbirigbiri léjìká Baba Ìbejì, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. Ọmọbìnrin kan gbé ọwọ́ wọn sókè, ó wo aago, ó fi imú sọ ọ́: "Àsìkò ti tó!" Gbogbo títì gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Àsìkò ti tó! Àsìkò ti tó!" Inú wọn dùn. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, mi ò rí ẹni ibi kankan láàárín wọn. Wọ́n fẹ́ràn bàbá mi ni, ìfẹ́ ọ̀hún ló sì fẹ́ pa wọ́n.

Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ́ síwájú. Mo di ẹsẹ̀ Bàámi mú, mo ké tọkàntọkàn: "Múfútáù!"

Ẹni tó wà nítòsí yíjú sí mi. Obìnrin kan ní, "Ta ni ọmọ yìí ń pè bẹ́ẹ̀?" Ẹnìkan dáhùn, "Ọmọ rẹ̀ mà ni." Mo tún ké, "Múfútáù!" Mo rí ẹ̀rín bó ṣe ń kú lójú wọn, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Wọ́n ti rí gbogbo nǹkan nínú fídíò, òkú tó jí, àjẹ́ tó ń fò, àmọ́ kò sí ẹni tó rí ọmọ tó ń pe bàbá rẹ̀ lórúkọ gbàgàdà lójú títì rí, tí ìyá rẹ̀ sì dúró níbẹ̀ tí kò gbá a létí. Wọ́n wá mọ̀ pé ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Títì pa lọ́lọ́. Mo gbọ́ aago ọwọ́ Bàámi bó ṣe ń ké. Mo pe ẹ̀kẹta, ohùn mi já. Ó pẹ́. Ó pẹ́ ju ti eré lọ. Bàámi wá mí, wọ́n ní, "Ẹ̀n," bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga.

Ọkùnrin Íbò kan tó kó tẹlifíṣàn kún ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ fò sílẹ̀. "Na your papa be this? Oya, put am for front!" Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n sáré sọ tẹlifíṣàn kalẹ̀ kí àwa lè ráyè jókòó, wọ́n tún dúró ṣọ́ ọ fún un títí ó fi padà dé. Ọmọbìnrin tó wo aago ń sunkún.

Wọ́n fa omi sí Bàámi lára ní ọsibítù, ibà ló ti gòkè dé orí wọn, dókítà ní bí a bá pẹ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yíwọ́. Nígbà tí mo délé, mo kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Mo ń retí ọ̀pá. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ tí a kọ́ dáadáa lo jẹ́. Èmi àgbà ni mo rán ọ ní iṣẹ́ tí ẹnu rẹ ò lè jẹ́. Ẹ̀bi mi ni." Wọn ò sọ pé ibà lásán ni. Ì bá dára ká ní wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Bàámi ní tiwọn, nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú títì, rẹ́rìn-ín títí rọ́bà omi fi ń mì lápá wọn. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Kásálì pé kí àwọn fi í sínú eré tó ń bọ̀. Wọ́n sì fi í sí i. Àwọn ará títì yẹn kan náà ló ṣe é, Baba Ìbejì pọ̀n wọ́n, gbogbo èèyàn ń ké pé àsìkò ti tó. Wọ́n ní kí n wá ṣe ọmọ, mo wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Mi ò tíì wo kásẹ́ẹ̀tì náà títí di òní.

Ọdún pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Àgbà ti lọ, Màámi ti lọ. Bàámi ṣì wà ní Okokomaiko nínú ilé yẹn, àbúrò mi ń tọ́jú wọn, àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn ń wá ya fọ́tò pẹ̀lú wọn nítorí aago. Ìbàdàn ni èmi ń gbé. Láràárọ̀, mo máa ń tẹ̀ wọ́n láago, kí n tó kí wọn, màá ti ilẹ̀kùn yàrá mi, kí àwọn ọmọ mi má gbọ́, màá pe orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Àárín wa ni. Wọ́n á jẹ́ kí àkọ́kọ́ kọjá, wọ́n á jẹ́ kí èkejì kọjá, màá máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí, ọlọ́tẹ̀ àgbà, tí n bá pe ẹ̀kẹta, wọ́n á tún fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lé e kí wọ́n tó dáhùn, "Ẹ̀n!" Mo máa ń bú wọn pé wọ́n máa pa mí láyà. Wọ́n á ní, "Èrò ìwòran ò gbọ́dọ̀ sùn, Rísí."

Lánàá, mo ti ilẹ̀kùn, mo ní, "Múfútáù."

"Ẹ̀n," wọ́n ní, kíá, ohùn wọn mọ́ kedere. "Mo ti ń bọ̀."

Mo pe ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo pe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n jẹ́ gbogbo rẹ̀. Àpò ni mò ń dì báyìí, ọkọ̀ àárọ̀ ni mo fẹ́ wọ̀ lọ sí Okokomaiko.